Yìnyín Tó Kó Jọ sí Ìbàfò

Kí n tó sọ bí Ọ̀gá Omi ṣe ṣubú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kóòtù rẹ̀ ná, torí kóòtù yẹn ló kọ́kọ́ wọ Mówè kí wàhálà tó tẹ̀lé e. Kóòtù dúdú ni, ó nípọn bíi tìmùtìmù, ó nírun lọ́rùn, ó sì gùn dé kókósẹ̀. Ìlú òyìnbó kan tí omi ti ń dì nínú kòtò ni ìjọba rán ọ̀gá lọ, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀m̀pútà ṣírò omi odò. Àwọn mẹ́rin ló lọ. Òun nìkan ló wọ kóòtù bọ̀. Ó wọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, ó wọ̀ ọ́ gba títì márosẹ̀ kọjá Ìbàfò lọ́sàn-án gangan, òógùn ń ti orí rẹ̀ ṣàn wọ bàtà. Awakọ̀ rẹ̀ ní, “Ọ̀gá, ṣé ara yín yá báyìí?” Ó dáhùn pé òtútù ọ̀hún ò tíì tán lára òun. Oṣù kẹta ni o, ìgbà tí ajá Mówè ń sùn sínú gọ́tà kí ara lè tù ú.

Orúkọ rẹ̀ ni Olúgbádé Ògúnkànmí. Òun ni ọ̀gá pátápátá ní Ọ́fíìsì Àkíyèsí Omi tó wà lókè ilé ìtajà kan ní Mówè. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á wo iye òjò tó rọ̀, wọ́n á wo bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó, kọ̀m̀pútà á ṣírò bí odò Ògùn yóò ṣe ga tó, wọ́n á sì sọ fún àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Ìbàfò bóyá kí wọ́n jókòó ni àbí kí wọ́n kó ẹrù. Iṣẹ́ tó níyì ni, bí ẹni tó ń ṣe é bá rántí pé iṣẹ́ ni. Olúgbádé ò rántí. Lójú tirẹ̀, odò Ògùn ń ṣàn nítorí pé òun fọwọ́ sí i. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Onímọ̀-Ẹ̀rọ, Alàgbà, Olóyè, Dókítà Ọ̀la. Ẹnìkan bi í léèrè rí pé kí ni Dókítà Ọ̀la. Ó ní òun ò tíì gba oyè ọ̀hún, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́jọ́ tó bá dé.

Ohun mìíràn tó kó bọ̀ yàtọ̀ sí kóòtù ni ètò orí kọ̀m̀pútà kan. Àfonífojì kan láàárín àwọn òkè gíga ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ tìtorí rẹ̀ ṣe é, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú. Kì í ṣe irú yìnyín tiwa tó ń ha páànù, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ o. Tiwọn rọ̀, kì í dún, a sì máa kó jọ lórí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, bí òjò bá ti rọ̀, ètò yìí á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: omi nìyí àbí yìnyín? Bí ojú ọjọ́ bá móoru, omi ni, á darí rẹ̀ sódò lójú ẹsẹ̀. Bí òtútù bá mú débi tí omi fi ń dì, yìnyín ni. Á kó o sínú àká kan nínú ìṣirò, á tì í pa síbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ dé odò títí ọjọ́ tí oòrùn á fi ràn tí á yọ́. Ètò tó dára ni fún àwọn tó ni í.

Ní ìpàdé tí wọ́n fi ṣí ètò náà, Olúwanífẹ́mi nawọ́ sókè. Òun ló ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀m̀pútà ọ́fíìsì, Ìbogùn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ló wí, ó ti kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó lanu, “apá yìnyín inú ètò yìí, ṣé ká kúkú pa á? Torí pé níbí, sà, yìnyín yẹn kì í…”

“Kì í kí ni?”

“Kì í wá, sà.”

Olúgbádé bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣé o ti pè é rí, tó ní òun ò wá?”

Ọmọbìnrin náà ní òun ò pè é rí.

“Ẹ ò rí nǹkan!” Ó dìde, etí kóòtù gbá ife tíì dànù. “Ohun tó ń ba ìlú yìí jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò nígbàgbọ́. Òyìnbó ní yìnyín, àwa ò gbọdọ̀ ní? Ètò tó gun ọkọ̀ òfuurufú wá bá wa láti òkè òkun, ìwọ fẹ́ pa apá kan níbẹ̀ bí ẹni ń pa iná ilé ìwẹ̀! Ọjọ́ tí yìnyín bá pinnu láti wá sí ìpínlẹ̀ wa, mi ò fẹ́ kó dé kó wá bá wa láìní àyè ìjókòó fún un.”

Mọ́nsúrù pàtẹ́wọ́. Mọ́nsúrù yìí ló ń gbé báàgì ọ̀gá, ṣùgbọ́n báàgì kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ìyìn ni. “Ọ̀rọ̀ dé o! Olúgbádé ọmọ Ògúnkànmí! Ọkùnrin tó wọ ìlú òtútù, tí òtútù lọ wá súwẹ́tà wọ̀! Ẹ̀yin lẹ rí yìnyín tí yìnyín dìde, tó ṣí fìlà fún yín!”

Wọ́n gbé Olúwanífẹ́mi kúrò nídìí kọ̀m̀pútà lọ sí ẹnu géètì, kó máa kí àlejò. Ó lo oṣù kan níbẹ̀. Nígbà tó padà, òun náà ti ra súwẹ́tà. Ẹ má bínú sí i. Ọmọ ọlọ́mọ ní ilé láti san owó rẹ̀.

Ẹ sì mọ àwa Yorùbá, kò sí ohun tí a kì í kí èèyàn fún. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú oòrùn, ẹ kú òjò, ẹ kú àìjẹun pàápàá. Olúgbádé rò ó pé ọ́fíìsì òun náà yẹ kó ní ìkíni tirẹ̀. Ló bá pàṣẹ: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ wí pé, “Ẹ kú yìnyín o!” Ẹni tí wọ́n kí gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Ó ń kó jọ!” Kí ló ń kó jọ? Kò sí o. Nínú kọ̀m̀pútà, òdo ni àká yìnyín ń ka lójoojúmọ́, torí Mówè gbóná, ètò náà ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó ń rí i pé omi ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Olúgbádé a máa dúró níwájú òdo yẹn, a máa mirí bí ẹni tí àlejò já kulẹ̀.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn olè gun òrùlé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, wọ́n yọ tẹmómítà ìjọba tòun ti òpó irin tó wà lórí ẹ̀. Ìjọba fi òmíràn ránṣẹ́. Olúgbádé pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n gba àdúrà ti Kristẹni, wọ́n gba ti Mùsùlùmí, Mọ́nsúrù dúpẹ́ lọ́wọ́ alága fún ohun tí alága ò tíì ṣe, alága sì dìde.

“Tẹmómítà kì í ṣe ewúrẹ́,” ló wí. “Kò yẹ kó máa sùn síta. Láti òní lọ, ohun ìní ìjọba tó bá wà lọ́wọ́ mi, abẹ́ àgádágodo ni yóò wà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ibi tí àgádágodo wà. Ilẹ̀kùn stọ́ọ̀ ti jẹrà. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá kún fún àwọn àmì ẹ̀yẹ tó fi fún ara rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì náà tó ní àgádágodo tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ni fìríísà inú yàrá ìdáná, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń jí ẹja ara wọn. Mọ́nsúrù ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá wo fìríísà náà, ó wo àgádágodo rẹ̀, ó ní, “Ibí yìí dára.” Ni wọ́n bá tẹ́ tẹmómítà síbẹ̀, láàárín ẹja àti ìgò málíìtì, wọ́n fa wáyà rẹ̀ tó tínrín gba abẹ́ ìdérí lọ sí kọ̀m̀pútà, wọ́n tì í pa.

Ẹ má ṣì wọ́n rò o. Kò sí òmùgọ̀ kankan nínú ìpàdé náà. Gbogbo wọn pátá ló mọ̀ pé inú fìríísà tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olè ni ìpàdé ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù, ẹni tó bá sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọ ìpàdé ọ̀gá, ẹnu géètì wà níbẹ̀. Olúwanífẹ́mi fa súwẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀, ó wo òde.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì. Nígbà tí Olúgbádé dé ọ́fíìsì, tó wo ojú kọ̀m̀pútà, ó di orí àga mú. Àwòrán ilẹ̀ tó máa ń ní àwọ̀ ewé ti funfun gbòò, láti Mówè dé Ìbàfò, láti Ìbàfò dé Owódé Ẹ̀gbá. Àká ti ní nǹkan nínú. Odò Ògùn sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Omijé bọ́ lójú ọ̀gá. Ó wọ kóòtù, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, ó jáde sáàárín ọ́fíìsì, ó sì sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ó ti dé.”

“Ẹ kú yìnyín o!” ni gbogbo ọ́fíìsì hó.

“Ó ń kó jọ,” ló dáhùn, lọ́jọ́ yẹn ó sì ń kó jọ lóòótọ́.

Kánsẹ́lọ̀ kan wá láti Owódé Ẹ̀gbá lọ́sẹ̀ náà, ó wá kí i kú oríire. Òjò ti pa ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Ọ̀gá, mo gbọ́ pé yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti rẹ ṣòkòtò mi yìí, sà.”

Olúgbádé rẹ́rìn-ín músẹ́, bí olùkọ́ àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. “Ojú lásán ló ń rí omi, kánsẹ́lọ̀. Yìnyín tèmi, yìnyín ìṣirò ni. Kì í ṣe ohun tí ṣòkòtò lè mọ̀.”

Kánsẹ́lọ̀ wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo kóòtù ọ̀gá. Ó ronú nípa ìbò ọdún tó ń bọ̀. “Ẹ kú yìnyín o,” ló wí, ó sì jókòó sínú omi rẹ̀.

Bí òjò ṣe ń rọ̀ ní gbogbo oṣù kẹfà àti keje nìyẹn, tí ètò ń kó o sínú àká, tí odò inú kọ̀m̀pútà ń gbẹ lọ. Kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi gbọ́. Ó ní òun ò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó dá odò dúró láì lo sìmẹ́ńtì. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan pé wọn yóò fi Olúgbádé jẹ Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Omi ní gbọ̀ngàn kan ní Ifọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó lọ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ tí ìlú gbọ́.

“Ẹ̀yin ará Ìbàfò,” ló wí, “ẹ sun oorun yín. Ẹ má di ẹrù kankan. Èmi Olúgbádé ti gba òjò ọdún yìí lọ́wọ́ sánmà, mo ti fi pamọ́. Odò Ògùn ò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun rí omi, ojú lásán ló ń rí i.”

Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ Ìbàfò ṣe gbọ́ pé ìjọba ní kí wọ́n má di ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dì í. Kò gba àròjinlẹ̀. Wọ́n ti gbé lábẹ́ ìjọba pẹ́. Àwọn wẹ́dà gbé ẹ̀rọ wọn sórí bílọ́ọ̀kù, ìjọ kan kó àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Mówè, àwọn tó ti Ọ̀ṣun wá gba yàrá da ẹní àti ìkòkò sínú kẹ̀kẹ́ Marúwá. Ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó. Màmá Ọmọlabí, ìyá Olúgbádé tó bí i lọ́mọ.

Ilé kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú kọ́, ni màmá ń gbé. Ó ń rán aṣọ fún àwọn ẹgbẹ́ akọrin ní pálọ̀ rẹ̀, rédíò rẹ̀ kì í sì jìnnà sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Fàsílátù, obìnrin tó ń gbé ògiri kejì, wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ bá wa ká lọ. Odò ti dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fojú mi rí i.”

“Fàsílá, o ò gbọ́ rédíò ni?”

“Mo gbọ́, màmá. Ìdí tí mo fi ń sáré nìyẹn.”

Màmá fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀. “Gbọ́ mi. Bí ìwọ bá di ẹrù, wọ́n á ní Fàsílátù ló ń bẹ̀rù. Bí èmi bá di ẹrù, wọ́n á ní ìyá tó bí i gan-an ò gbà á gbọ́. Ta ló wá kù tó máa gba ọmọ mi gbọ́ láyé yìí?” Ó tún gbé aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. “Máa lọ. Tí o bá ń bọ̀, ra òwú funfun fún mi.”

Fàsílátù lọ, ó ń bú Olúgbádé lójú ọ̀nà. “Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́,” ló ń wí. “Ṣùgbọ́n kó tẹ́ lóun nìkan o, kó má fa ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.”

Ọjọ́ Jímọ̀, tí ìwúyè ku ọ̀la, iná lọ ní Mówè. Iná ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ débi tí fìríísà á fi yọ́; lọ́tẹ̀ yìí, tiransifọ́mà kan ló bú. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì, jẹnẹrétọ̀ náà gbé ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá, ó gbé kọ̀m̀pútà, agbára rẹ̀ tán. Kò dé yàrá ìdáná. Olúgbádé ò mọ̀. Ó dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí yóò ṣe tẹríba fún Kọmíṣọ́nnà láìjẹ́ pé orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, Mọ́nsúrù sì ń yìn ín nídìí dígí.

“Sà,” ni Olúwanífẹ́mi wí láti ẹnu ọ̀nà, “ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń yọ́.”

“Kí ló ń yọ́?”

“Yìnyín yín, sà.”

Ó sáré jáde. Lójú kọ̀m̀pútà, funfun ń kúrò lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fa ìborùn lórí ẹni tó sùn. Gbogbo òjò tí àká ti gbé mì láti oṣù kẹfà ló ń yọ́ pa pọ̀, omi ń rọ́ wá sí odò Ògùn láti ibi gbogbo, odò inú ìṣirò ti kọjá fèrèsé Ìbàfò, ó ń lọ sí òrùlé. Àsìkò yẹn ni imú rẹ̀ gbọ́ òórùn kan. Ó tẹ̀lé òórùn náà. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé yàrá ìdáná, ó dúró níwájú fìríísà tí omi ẹja ń jò nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ṣí i,” ló wí fún Mọ́nsúrù.

Mọ́nsúrù ṣí i. Tẹmómítà ìjọba dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja kan, òun àti ẹja jọ ń wo ọ̀gá.

“Ta ló gbé e síbí?”

Gbogbo ọ́fíìsì wolẹ̀. Mọ́nsúrù ní, “Ẹ̀yin ni, sà.” Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láìfi ìyìn sí i nìyẹn.

Olúwanífẹ́mi ti padà sídìí kọ̀m̀pútà, ó ti pa apá yìnyín, kò tọrọ àyè. Ó ní kó ṣírò gbogbo òjò náà bí òjò, àti èyí tó ti ṣàn kọjá àti èyí tó ń bọ̀ láti òkè. Kò dé òrùlé. Fèrèsé ni. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, ìsàlẹ̀ Ìbàfò á wà lábẹ́ omi.

Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín: ohun tí Olúgbádé kọ́kọ́ rò kì í ṣe omi. Ifọ́ ló rò. Ó rò ó pé ọ̀la ni ìwúyè, pé bí òun bá panu mọ́ di ọ̀la, òun á ti di Olùdámọ̀ràn Pàtàkì, Olùdámọ̀ràn á sì mọ bí yóò ṣe dárúkọ ẹlòmíràn. Àwọn ará Ìbàfò ti lọ, gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ti lọ, wọn ò gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu rí. Ó rò ó dáadáa, ó fọwọ́ pa irun ọrùn kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹnìkan tó máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó gbé fóònù.

“Màmá. Màmá, èmi ni. Ẹ jáde nílé, ẹ máa bọ̀ lójú títì.”

“Ta ni?”

“Olúgbádé ni, màmá.”

“Olúgbádé tèmi kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́,” ni màmá wí. “Olúgbádé tèmi sọ̀rọ̀ lórí rédíò, gbogbo ìlú gbọ́. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Ṣé ẹ̀yin gbájúẹ̀ tó ń fi ohùn ọmọ ọlọ́mọ pe èèyàn nìyí?”

“Màmá, omi ń bọ̀!”

“Omi ti dé, ó ti dé orókùn mi, mo ti gbé ẹsẹ̀ sórí àga. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní kò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, bí mo bá ń rí i, ojú lásán ló ń rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórí rédíò. Tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, kó wí i níbi tó ti wí tẹ́lẹ̀, kí gbogbo àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín jọ gbọ́.” Ó pa fóònù.

Ọ̀nà Ìbàfò ti dí pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sá. Ilé iṣẹ́ rédíò ò jìnnà sí ọ́fíìsì. Olúgbádé sáré, kóòtù ń gbá a nídìí, Mọ́nsúrù ń sáré tẹ̀lé e títí dé oríta, ibẹ̀ ni Mọ́nsúrù ti rántí pé òun ní nǹkan ṣe. Morẹ́nikẹ́, tó ń ṣe ètò ọ̀sán lórí rédíò, rí i tó já wọlé, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ sọ, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú omi. “Ní ìbámu pẹ̀lú àtúnyẹ̀wò tó jinlẹ̀ lórí àká yìnyín,” ló wí, “ọ́fíìsì wa ń fi tayọ̀tayọ̀ kéde pé àyípadà díẹ̀ ti bá ipò tí omi wà, èyí tó…”

Morẹ́nikẹ́ gbọ́wọ́ sókè. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, olùgbọ́ wa kan wà lórí fóònù láti Ìbàfò. Màmá, ẹ máa sọ̀rọ̀.”

“Ẹ káàsán o, ọ̀gá,” ni ohùn náà wí. Gbogbo Mówè gbọ́ ọ, gbogbo Ifọ́ gbọ́ ọ, Kọmíṣọ́nnà tó wà nínú ọkọ̀ ní Ajuwọ̀n ní kí awakọ̀ yí i sókè. Omi ń dún pọ́nún pọ́nún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Ìyá arúgbó kan ni mí, sà. Ọmọ mi ní kí n má di ẹrù, mi ò sì dì í. Mo ti gun orí tábìlì báyìí. Ohun tí ẹ ń sọ yìí ò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n dúró ni àbí kí n jáde?”

“Màmá,” ni Olúgbádé wí, “gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ṣe…”

“Kò yé mi, sà.”

“Nítorí ìdí tó ju agbára ọ́fíìsì wa…”

“Kò yé mi.”

Kò sí ohun tó ń dún lórí rédíò ju omi inú pálọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Olúgbádé fi ojú rẹ̀ bọ àtẹ́lẹwọ́.

“Kò sí yìnyín kankan, màmá. Kò sí i rí. Èmi ni mo ní kí wọ́n ti tẹmómítà mọ́ inú fìríísà, pẹ̀lú ẹja, kọ̀m̀pútà wá rò pé òtútù ń pa ìlú. Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ jáde. Mo bẹ̀ yín, màmá mi, ẹ jáde.”

“Ìyẹn yé mi, Olúgbádé,” ni màmá wí. “O ṣeun, ọmọ mi. Mò ń jáde.”

Ní Ajuwọ̀n, Kọmíṣọ́nnà pa rédíò, ó pe ẹnìkan ní Ifọ́ pé kí wọ́n tú àwọn àtíbàbà ìwúyè tí wọ́n ti pa. Mọ́nsúrù, ní tirẹ̀, ti wà lórí ọ̀kadà lọ sí ọ̀hún, ó ń béèrè orúkọ ẹni tí ipò náà kàn báyìí, kó lè tètè mọ oríkì rẹ̀.

Nígbà tí Olúgbádé fi ẹsẹ̀ dé Ìbàfò, àwọn tó ti kó ẹrù tipẹ́ dúró lórí ẹ̀bá títì, wọ́n ń wo ilé wọn nínú omi. Àwọn tó ń wa yanrìn lódò ti gbé ọkọ̀ onígi wọn wọ àdúgbò lọ wá màmá, torí gbogbo wọn ló gbọ́ rédíò. Olúgbádé wọ inú omi dé ìbàdí. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e lé orí, kó má baà rẹ. Àṣà ni.

Ọkọ̀ náà yọ. Màmá jókòó láàárín, orí ẹ̀rọ ìránṣọ wà lórí itan rẹ̀, ó rẹ láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Olúgbádé gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ó sọ kóòtù kalẹ̀ lórí, ó fi bo ìyá rẹ̀, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Láti oṣù kẹta tí kóòtù yẹn ti dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́.

“Ó móoru,” ni màmá wí.

Fàsílátù wà ní iwájú èrò, rédíò kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú funfun tí màmá rán an wà ní ọwọ́ kejì. Ó wo Olúgbádé pẹ̀lú omi ní ìbàdí rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ìkíni ọ́fíìsì yẹn, ó ti di ẹ̀fẹ̀ ní gbogbo gárééjì láti Ìbàfò dé Ifọ́.

“Ọ̀gá Omi!” ló ké. “Ẹ kú yìnyín o!”

Èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ kú yìnyín o!” Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń retí kó dáhùn, torí wọ́n kọ́ gbogbo wa pé ẹni tí a bá kí gbọ́dọ̀ jẹ́.

Olúgbádé wo ilé bàbá rẹ̀. Fèrèsé ni omi wà, bí Olúwanífẹ́mi ṣe ní yóò wà. Ó wo ìyá rẹ̀ nínú kóòtù.

“Ó ti yọ́,” ló wí.